Aṣọ Kan, Ọrùn Méjì

Tíṣà Hesekáyà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí bí ìtàn yìí bá gbóná tán, ẹnu wa á fẹ́ yá jù. Olùkọ́ ìjọ ni ní Ìlọ́yìn, ìlú kékeré kan tó wà láàárín òkè méjì, nígbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ilé olóbìnrin mẹ́fà ni wọ́n ti bí i. Ìyá rẹ̀ ni ìyàwó kẹrin, bàbá rẹ̀ kì í sì í bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ àfi tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́. Nígbà tí Hesekáyà di onígbàgbọ́, ohun tó kọ́kọ́ bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí ojú òun rí ọkọ àti aya tí wọ́n jọ ń gbé nínú ìfẹ́ àti àdúrà. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ilé onílé ni ó ti gbọ́ ọ.

Kò sí abúlé kan láyìíká Ìlọ́yìn tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ bá lu ìyàwó, Tíṣà ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Bí ìyàwó bá kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀, Tíṣà á gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, á jókòó sáàárín àwọn méjèèjì, kò sì ní dìde títí wọn yóò fi rẹ́rìn-ín síra wọn. Ó ní sùúrù, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń tu ni lára. "Ìgbéyàwó onígbàgbọ́ kì í ṣe ti ènìyàn méjì," a máa wí. "Ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọkọ, aya, àti Ẹni tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó bá lé Ẹni Kẹta jáde, kó má bínú bí méjì tó kù bá ń jà." Àwọn tí wọn kì í ṣe onígbàgbọ́ pàápàá a máa gbé ẹjọ́ ilé wọn wá bá a.

Àṣà méjì wà nínú ìjọ náà tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ ọn. Èkíní, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wá gbé nílé Tíṣà fún oṣù mẹ́ta kí ọjọ́ tó pé, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí ilé onígbàgbọ́ ṣe ń rí. Èkejì ni aṣọ ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí ọkọ àti ìyàwó bá ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, Tíṣà á fi aṣọ gbọọrọ kan bò wọ́n lọ́rùn, ìdajì lọ́rùn ọkọ, ìdajì lọ́rùn aya, á sì gbàdúrà lé wọn lórí. Wọn á gbé aṣọ náà lọ sílé. Ní àràárọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí ọkọ dárúkọ aya rẹ̀ fún Ọlọ́run, kí aya dárúkọ ọkọ rẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ àwọn ọmọ, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ lọ sóko. Ó ṣòro kí ènìyàn máa bá ẹni tí wọ́n jọ bo aṣọ kan ṣọ̀tá. Àṣà tó dára ni. Títí dòní n kò rí ohun tí mo lè fi bú u.

Ìyàwó Tíṣà ló ń hun àwọn aṣọ náà. Lídíà Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Òfì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Òun ló ń ran òwú, òun ló ń rẹ ẹ́ sínú aró, aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó gbó. Láàárín ọdún mẹ́rìnlá, ó ti hun aṣọ ìkúnlẹ̀ mẹ́tàlélógún. Mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún wà káàkiri nínú yàrá àwọn ará ìlú. Nílé Tíṣà, kò sí ẹyọ kan.

Kì í ṣe pé kò sí rí. Èyí tí ó kọ́kọ́ hun láyé rẹ̀, tirẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀ ni. Ọdún kìn-ín-ní tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ni, oyún wà nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ro èrò náà níbi tó jókòó sí: aṣọ kan, ọrùn méjì. Ó hun ún tán lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀. Inú Tíṣà dùn débi pé ó fò sókè. Lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà gbé aṣọ náà lọ, ó fi bo ọkọ àti ìyàwó tuntun lọ́rùn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, ọkọ àti ìyàwó tuntun sì gbé e lọ sílé wọn. "Àwẹ̀ró," ni Tíṣà wí nígbà tó dé, "Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n yìí rán ọ sí ìjọ. Tiwa ò ní pẹ́ dé."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Lídíà bímọ. Obìnrin ni, kò sì lágbára. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n ránṣẹ́ láti Apáta-Ṣófo pé ọkọ kan ti yọ àdá sí ìyàwó rẹ̀. Tíṣà wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ, ó ní Ọlọ́run tó fún àwọn á pa á mọ́, ó bá gun kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ keje, ọmọ kò mu ọmú mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn ìyá ìjọ rí i pé kò ní pẹ́ lọ, wọ́n da omi sí i lórí ní orúkọ Olúwa, wọ́n sì bi Lídíà léèrè orúkọ tí àwọn yóò pè é. Lídíà sọ ọ́ sí wọn létí. Ọmọ náà kú kí oòrùn tó wọ̀. Ọjọ́ kejìlá ni Tíṣà tó dé, ẹ̀rín ló sì bá wọlé, nítorí pé ọkọ àti ìyàwó Apáta-Ṣófo ti parí ìjà wọn.

Ó sunkún. Mo ti ní kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó sunkún, ó ṣí Bíbélì, ó ní Olúwa ló fi fún ni, Olúwa ló sì gbà á. Àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n má ṣe máa dárúkọ òkú ọmọ nínú ilé kí òmíràn lè wá, Tíṣà kò sì bèèrè orúkọ náà. Lídíà rò pé ó ń dúró kí aṣọ tiwọn délẹ̀ ni, kí àwọn lè kúnlẹ̀ pọ̀, kó sì bi òun níbẹ̀. Òun náà bá ń dúró. Òmíràn kò wá. Aṣọ tó bá sì hun tán, ìgbéyàwó kan á ti máa retí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí fẹ́ láyé, pé kí ọkọ òun kúnlẹ̀ ti òun, kí àwọn méjèèjì jọ dárúkọ ọmọ yẹn fún Ọlọ́run. Kò tóbi jù. Àwọn tí Tíṣà ń là níjà ń rí i gbà lójoojúmọ́.

Ọdún kẹrìnlá ni Mopélọ́lá wá gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ ogún ọdún ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ, ẹlẹ́nu ṣáṣá. Jákọ́bù, káfíńtà tó ń ran Tíṣà lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló fẹ́ gbé e níyàwó. Jákọ́bù fẹ́ràn Tíṣà bí ẹni pé òun ló bí i. Ó ń rìn bíi rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n bíi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irùngbọ̀n kò tíì hù ní àgbọ̀n rẹ̀. "Bí ilé Tíṣà ṣe rí," ló máa ń sọ fún Mopélọ́lá, "bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ kí tiwa rí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mopélọ́lá kó tó wọ ilé Tíṣà.

Ó fi oṣù kan wo bí ilé Tíṣà ṣe rí. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti lù láàárọ̀, Tíṣà á jáde. Ó ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gbàdúrà nílé aláìsàn, ó ń gbàdúrà lójú ọ̀nà. Bó bá máa fi wọlé, ó ti rẹ̀ ẹ́. Á béèrè omi, á béèrè oúnjẹ, á ní iyọ̀ pọ̀ tàbí iyọ̀ kéré, á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sùn lọ lórí àga. Bí agbára bá kù lára rẹ̀, Mopélọ́lá ló ń pè láti kọ́ ní ẹ̀kọ́ ìgbéyàwó: bí ọkọ ṣe gbọ́dọ̀ máa tẹ́tí sí aya, bí aya kò ṣe gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun pamọ́ fún ọkọ. Ẹ̀kọ́ náà dùn gan-an. Lídíà wà lẹ́yìn ògiri lórí òfì, òun náà ń gbọ́.

"Màmá," ni Mopélọ́lá wí lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń ran òwú, "ẹ má bínú sí mi o. Aṣọ ìkúnlẹ̀ tiyín dà? Mo gbá yàrá, mo gbá pálọ̀, n kò rí i."

"Ó wà lọ́rùn àwọn ará ìlú."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Tiwa ń bọ̀."

"Ìgbà wo, Màmá?"

"Ran òwú rẹ, ọmọ yìí."

Ṣùgbọ́n ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í fi irin gbígbóná sílẹ̀ kó tutù. Ó ń bèèrè, ó ń bèèrè, títí Lídíà fi sọ ti aṣọ àkọ́kọ́ fún un, tó sọ ti ọmọ, tó sọ ohun tó ti ń dúró dè. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì mú kí ó dun Mopélọ́lá.

"Kí lẹ sọ ọmọ náà, Màmá?"

"Bàbá rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Nígbà tí Jákọ́bù wá kí i ní ọjọ́ Àìkú, Mopélọ́lá bi í ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Bí mo bá bímọ, tí ara ọmọ kò yá, tí wọ́n sì ránṣẹ́ pè ọ́ pé tọkọtaya kan ń jà lábúlé, kí lo máa ṣe?"

Jákọ́bù kò rò ó rárá. "Màá lọ. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ohun tí Tíṣà máa ṣe nìyẹn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé òun yege.

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń ba Mopélọ́lá. Ó fẹ́ràn Jákọ́bù, kò sì mọ ẹni tó máa sọ ọ́ fún, nítorí pé Tíṣà ni wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ní Ìlọ́yìn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbéyàwó pé nígbà tí Lídíà gé aṣọ kẹrìnlélógún kúrò lórí òfì. Ó dára ju gbogbo èyí tó ti hun tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ká a, ó gbé e sórí itan, ó jókòó de ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀. Mopélọ́lá ń ja ewébẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ló ṣojú rẹ̀.

"Tíṣà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan."

"Sọ ọ́, Àwẹ̀ró."

"Kí èyí jẹ́ tiwa. Mo ti ta òwú mìíràn sórí òfì. Ẹ sún ìgbéyàwó àwọn ọmọ yìí síwájú ní oṣù kan péré, màá ti hun tiwọn tán."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Oṣù kan kẹ̀? Àlùfáà àgbà ti kọ̀wé pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Iṣẹ́ tí à ń ṣe níhìn-ín ló fẹ́ wá wò, kó lè fi kọ́ àwọn ìjọ yòókù. Ṣé o ò mọ̀ pé ìyìn tìrẹ náà ni?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ìgbéyàwó Rábékà. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọmọ Bàbá Ìjọ ṣe tirẹ̀."

"Lídíà, aṣọ kọ́ ni Ọlọ́run ń wò."

"Èmi náà kò sọ pé aṣọ ni. Ẹ fi aṣọ sílẹ̀." Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀. "Ẹ kúnlẹ̀ tì mí báyìí. Kò ní pẹ́. Ohun kan ló wà tí mo fẹ́ ká jọ sọ fún Ọlọ́run."

Tíṣà wò ó. Bóyá ì bá kúnlẹ̀, mi ò mọ̀. Ẹnì kan kígbe "Ẹ kú ilé o" lẹ́nu ọ̀nà, Mopélọ́lá sì rí bí ojú Tíṣà ṣe mọ́lẹ̀ kedere. Ọkọ kan àti ìyàwó rẹ̀ ni, wọ́n tún ti jà. Tíṣà fọwọ́ kan èjìká ìyàwó rẹ̀. "Lẹ́yìn èyí," ló wí. "Mo ṣèlérí. Bí ìgbéyàwó yìí bá ti kọjá, tiwa ló kàn." Ó mú aṣọ náà, ó gbé e sínú àpótí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì jáde lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Lídíà dìde. Kò sunkún. Ó lọ sídìí òfì rẹ̀, ó tú òwú tuntun tó ti ta sí i, ó ká gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n. Kò hun nǹkan kan mọ́ nínú ilé yẹn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ọ̀nà. Àlùfáà àgbà jókòó lẹ́bàá pẹpẹ nínú aṣọ funfun. Tọkọtaya mẹ́tàlélógún tí Tíṣà ti so pọ̀ jókòó síwájú, olúkúlùkù pẹ̀lú aṣọ ìkúnlẹ̀ tirẹ̀ lọ́rùn, nítorí pé Tíṣà ti ní kí wọ́n gbé e wá kí àlejò lè rí i. Ó wu ojú í wò, kí n má purọ́. Wọ́n kọrin, wọ́n ka Bíbélì, Tíṣà wàásù lórí ilé tí a kọ́ sórí àpáta, omi sì bọ́ lójú àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ó ní kí Jákọ́bù àti Mopélọ́lá kúnlẹ̀. Ó tú aṣọ kẹrìnlélógún, ó nà án sí ọwọ́ méjèèjì. Jákọ́bù kúnlẹ̀.

Mopélọ́lá kò kúnlẹ̀.

"Bàbá Tíṣà, mo tọrọ gáfárà," ó wí. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé lọ́dọ̀ yín kí n lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. N kò tíì rí i. Kí ẹ tó fi aṣọ yìí bò wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àti Màmá, ẹ kọ́kọ́ fi hàn wá lọ́rùn tiyín."

Jákọ́bù fà á láṣọ. "Kí lò ń ṣe yìí?" Àwọn ìyá ìjọ ń kùn. Ṣùgbọ́n inú àlùfáà àgbà dùn. Àlejò ni, kò mọ ohun tó wà nílẹ̀, ó rò pé ara ètò ọjọ́ náà ni. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dára," ó wí. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Níbo ni ìyá wa wà?"

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Mo gbà pé kò rí ewu kankan níbẹ̀. Ó nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀, Lídíà dìde láàárín àwọn obìnrin, ó wá, ó kúnlẹ̀. Tíṣà kúnlẹ̀ tì í. Jákọ́bù ló fi aṣọ náà bo àwọn méjèèjì lọ́rùn. Láti ọdún mẹ́rìnlá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí èjìká wọn kan ara wọn níbi àdúrà.

"Olúwa," ni Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ dún dé òkè àjà, "a dúpẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ tó péjọ síhìn-ín lónìí. A dúpẹ́ fún ìjọ Ìlọ́yìn. A dúpẹ́ fún ìránṣẹ́ rẹ tó rin ọ̀nà jíjìn wá…"

"Tíṣà," ni Lídíà sọ jẹ́ẹ́jẹ́, "èmi lẹ jọ kúnlẹ̀."

Tíṣà tún bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, mo dúpẹ́ fún ìyàwó mi, Lídíà, olùrànlọ́wọ́ mi, tó ń hun aṣọ fún ìjọ rẹ…"

"Ẹ dárúkọ ọmọ wa."

Àwọn tó wà ní ìjókòó iwájú gbọ́ ọ. Tíṣà yíjú sí i. Kò sí ìbínú lójú Lídíà. Ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìrètí sì wà níbẹ̀, ó ṣeni láàánú láti sọ. "A wà níwájú Ọlọ́run," ó wí. "A wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀, kí n ṣe àmín."

Tíṣà la ẹnu. Kò sí ọmọ kan nínú ìjọ yẹn tí Tíṣà kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn ọmọ Apáta-Ṣófo láti orí àkọ́bí dé orí àbíkẹ́yìn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó wá wo apá ibi tí àwọn ìyá ìjọ jókòó sí, bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn á sọ ọ́ sí òun létí. Ibẹ̀ ni ó ti burú jù. Méjì nínú àwọn ìyá náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sorí kọ́.

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n," ni Lídíà wí. Kò pariwo. "Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fún ara mi pé ẹ ń dúró kí a kúnlẹ̀ ni. Ẹ kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ kò fẹ́ mọ̀ ọ́n."

Ó yọ ọrùn rẹ̀ kúrò lábẹ́ aṣọ, ó dìde, ó gba àárín ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Aṣọ tí wọ́n hun fún ọrùn méjì kì í dúró lọ́rùn ẹnì kan. Ó yọ̀ lọ́rùn Tíṣà, ó já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Tíṣà sì wà lórí eékún níbẹ̀ pẹ̀lú ọrùn òfìfo, níwájú ọrùn mẹ́rìndínláàádọ́ta tí aṣọ bò. Kò sí ẹni tó mọ orin tí wọ́n máa dá. Ìyá Ìjọ, àgbàlagbà obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ gba aṣọ ìkúnlẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ ogbó, ló sọ̀rọ̀ jáde níkẹyìn, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Gbogbo wa la gbaṣọ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí," ó ní. "Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó wo ọrùn rẹ̀."

Kò sí ìgbéyàwó lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti túká, Jákọ́bù ká Mopélọ́lá mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. "O dójú ti bàbá mi nínú Olúwa," ó wí. "Lójú àlejò! Nítorí ọmọ tó ti kú láti ọdún mẹ́rìnlá!"

"Ohun tí mo rí lo rí," ni Mopélọ́lá wí. "Ojú tó ti Tíṣà ló dùn ọ́. Ìyá tó rìn jáde yẹn ò dùn ọ́ rárá." Ó fa Bíbélì àti òrùka ìdána lé e lọ́wọ́. "O ṣeun o, Jákọ́bù. O ti fi ọrùn tìrẹ hàn mí." Ẹ má rò pé ó rọrùn fún un. Ó sunkún dé ilé bàbá rẹ̀, ó sì tó ọdún mẹ́ta kó tó gbà fún ọkùnrin mìíràn. Àwọn kan ní Ìlọ́yìn kò sì kí i mọ́, wọ́n ní òun ló tú ilé Tíṣà, bí ẹni pé ilé kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lídíà kó òfì rẹ̀ lọ sí agboolé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Ìgbó-Ẹ̀pà. Kò wá ọkọ mìíràn, kò sì kọ èyí tó ní sílẹ̀. Tíṣà kò tọ̀ ọ́ lọ. Ọkùnrin tó ti gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé ìyàwó oníyàwó káàkiri abúlé, kò lè gun ún tẹ̀ lé tirẹ̀! Wọ́n ní ojú ló ń tì í. Ó dáa, ojú ń tì í. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó rán Bàbá Ìjọ lọ.

"Tíṣà ní kí n kí ọ," ni Bàbá Ìjọ wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Lídíà. "Ó ní gbogbo rẹ̀ ti yé òun báyìí. Ó ní kí o jọ̀ọ́, kí o sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, kí n bá òun mú un bọ̀, kí òun lè máa fi gbàdúrà."

Lídíà gbé ọwọ́ kúrò lórí òfì. "Ó ní kí ẹ bá òun mú un bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ kú ìrìn, ọ̀nà jìn. Ẹ jókòó, ẹ mu omi." Ó bu omi fún un, ó dúró títí ó fi mu ún tán. "Ẹ sọ fún Tíṣà pé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi rán ènìyàn." Ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀.

Tíṣà kò wá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ó kú, láìmọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Tọkọtaya tó sọ àwọn ọmọ wọn ní Hesekáyà nítorí rẹ̀ pọ̀ níbi ìsìnkú náà. Lídíà wá, ó dúró lẹ́yìn pátápátá, ó sì lọ kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Àwa náà kò mọ orúkọ yẹn, nítorí àwọn ìyá méjì tó mọ̀ ọ́n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí olùkọ́ tuntun bá dé Ìlọ́yìn, tó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé ilé onígbàgbọ́ ró, ìyàwó rẹ̀ ni àwọn àgbà kọ́kọ́ máa ń lọ kí nílé, wọn á wo ojú obìnrin náà dáadáa, wọn á sì padà wá sọ fún ọmọ wọn pé: bí ẹnì kan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò.